Ẹgbẹ̀ta Ẹyin Lórí Fóltì 110

Òjò ọjọ́ náà, tí ẹ bá na ọwọ́ síta, ó lè bọ́ òrùka lọ́wọ́ yín. Ọ̀sán ni, àmọ́ gbogbo 41 Road ní Festac ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Èmi Enoch, rewáyà tó fi girama sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo dúró síwájú àpótí tí Àǹtí Tẹjúmádé fi ń pa ẹyin nínú bọ́ìsì kọ́tà wọn. Ẹgbẹ̀ta ẹyin ló wà nínú ẹ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n pa. Tí àpótí yẹn bá fi lè tutù di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ inú ẹyin ló máa kú, bí ti oṣù tó kọjá ṣe kú, tí Àǹtí fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n.

"Enoch, ó ti bọ́ sí 34," Àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú wọn ò kúrò lára ohun tó ń wọn ooru. "37 ló yẹ kó wà."

Iná wà o, àmọ́ iná tí ibà ń ṣe ni. Nínú fésì mẹ́ta tó ń gbé iná wọ àdúgbò, méjì ti kú láti àárọ̀, ó ku ẹyọ kan. Ẹ sì mọ̀ wá. Gbogbo ilé tó wà ní búlọ́ọ̀kù yọ fíùsì wọn, wọ́n gbé e sí fésì tó kù. Èmi náà ni mo ń bá wọn gbé e láti ilé dé ilé. Fìríìjì ọgọ́rùn-ún, áyọ̀ọ̀nù igba, gbogbo ẹ̀ so rọ̀ mọ́ fésì kan lọ́rùn, ni fóltì 220 bá di 110. Jẹnẹrétọ̀ Àǹtí sì rèé, mẹkáníìkì ti tú inú ẹ̀ gbé lọ sí Trade Fair.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Fóltì dín sí ìdajì, ooru náà á dín sí ìdajì. Ẹ jẹ́ ká kó aṣọ ìbora bò ó."

"Ìdajì kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ló kọ́ ẹ ní ìṣirò ni?"

Bàbá Jayéọlá tó ń gbé lókè ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Míníísírì iná ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìntì.

"Bàbá, ewúrẹ́ ilé ìwé wa gbọ́n ju tíṣà lọ."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa páálí ẹyin kan ya, wọ́n mú báírò.

"Tí iná bá pé, áńpù mélòó ni àpótí yìí máa ń fà?"

"Márùn-ún, sà."

"Fi 5 pín 220."

"44."

"Agídí wáyà ìgbóná yẹn nìyẹn, óòmù 44. Iná ì báà pọ̀, ì báà kéré, agídí yẹn ò ní yí padà. Ó yá, fi 44 pín 110."

"Méjì ààbọ̀." Mo fi mítà gbá wáyà mú. 2.5 ló jókòó síbẹ̀, bíi pé Bàbá ló rán an.

"Fóltì lọ́nà áńpù ni agbára. 220 lọ́nà 5 jẹ́ wáàtì 1,100. 110 lọ́nà 2.5 ńkọ́?"

Mo ka ìka ọwọ́ mi tán, mo yá ti Àǹtí. "275."

"Ṣé ìdajì nìyẹn?"

Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Aṣọ ìbora gbogbo Amuwo-Odofin ò lè dí i.

"33," Àǹtí sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Bàbá tẹ orí páálí. Wáyà ìgbóná méjì ló wà nínú àpótí náà, óòmù 22 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n tẹ̀léra, iná á la èyí já kó tó dé èyí. "Tú wọn. Jẹ́ kí kálukú gba iná tiẹ̀ lọ́tọ̀. 22 nínú 110, áńpù 5. Méjèèjì, 10. 110 lọ́nà 10?"

"1,100. Bàbá, ó pé."

"Gbọ́ mi tán. Tí iná bá ṣàdédé pé, áńpù 20 ni, wáàtì 4,400. Ẹyin á bọ̀, ilé á jó."

Fíùsì ò sì lè já. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wé wáyà tó nípọn bí ìka mọ́ ọn lọ́dún tó kọjá, torí ó ń já jù. Èyí tó yẹ kó máa pa iná fúnra ẹ̀ lára àpótí náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ti súìṣì kó máa wo mítà. Tí fóltì bá ti kọjá 130, kó pa á.

Mo tú u, mo so ó. Bàbá gòkè lọ lo oògùn wọn. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, 34, 35. Àǹtí ò lè dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń fọwọ́ kan súìṣì ṣáá.

"Àǹtí, ọwọ́ mi nìkan ni súìṣì yìí mọ̀ o. Ọwọ́ mìíràn tó bá kàn án, Ijegun-Egba ló máa jù ú sí."

Wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá. Mo rẹ́rìn-ín sínú títí egungun ìhà mi fi fẹ́ já.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, a dé 37. Ìtọ̀ ti gbọ̀n mí dé eyín. Mo ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wo mítà, mò ń bọ̀." Mo sáré la inú òjò lọ sí ilé ìtọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò pariwo pé iná ti dé. Fésì méjì yòókù ti jí. Gbogbo ilé ló máa gbé fíùsì padà báyìí, bí ilé kan bá sì ṣe ń kúrò lórí fésì wa ni fóltì á máa gòkè sí i. Mo di ṣòkòtò mú, mo sáré.

Àǹtí dúró síwájú súìṣì, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà.

"Ó ti di 170, Enoch."

"Ẹ pa á, mà."

"O ní á jù mí dé Ijegun."

"Irọ́ ni mo pa, mà. Ẹ pa á."

Wọ́n wò mí. Wọ́n na ọwọ́ sí i. Súìṣì dún. Mítà ti wà ní 208, òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo yàrá, ooru inú àpótí ti dé 39 ààbọ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn àpótí. Wọ́n mú ẹyin kan, wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n gbé òun náà sílẹ̀. Bàbá Jayéọlá ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Ẹyin kẹta pẹ́ létí Àǹtí. Wọ́n wá gbé e sí tèmi.

Nǹkan ń kanlẹ̀kùn nínú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò sinmi.

"So wáyà yẹn padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀," Àǹtí ní. "Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ."

Mo so ó. Mo fi mítà gbá a mú, áńpù 5 ló fà. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì la ẹnu.