Abẹ́rẹ́ Géèjì Tí Kò Dìde

Láti àárọ̀ ni Rewáyà, ọmọbìnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, kò ti ríbi fìdí lé. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, á lọ yẹ bátìrì wò. Bó bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, á tún padà wá ranjú mọ́ abẹ́rẹ́ géèjì epo tó dùbúlẹ̀ síbi òfo bí ọ̀lẹ.

Lọ́rì bàbá rẹ̀ ni, ogójì ọdún ni wọ́n fi kó yanrìn. Nígbà tí dókítà ní kí bàbá jìnnà sí èéfín nítorí àyà wọn, Rewáyà ló yọ ẹ́ńjìnnì kúrò, tó sọ ọkọ̀ náà di oníbátìrì. Ó wá so géèjì epo àtijọ́ mọ́ bátìrì, kó máa fi bí iná ṣe kù hàn. Àmọ́ ọkọ̀ oníbátìrì kì í dún. Bàbá jókòó sínú rẹ̀ lánàá, wọ́n tẹ́tí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní:

"Ṣé òkú lo fẹ́ kí n máa wà kiri? Kò fọhùn, géèjì ò dìde! Tí abẹ́rẹ́ yẹn ò bá gbéra títí di ọ̀sán ọ̀la, kí onírin àlòkù wá wọ́ ọ lọ."

Ọ̀sán ti dé. Onírin àlòkù ti ń tú okùn lẹ́nu géètì. Rewáyà ti tọ wáyà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀," ni àbúrò rẹ̀ tó kun ọkọ̀ náà wí. "Ẹ wo bó ṣe ń dán! Ẹ̀yìn géèjì gan-an, níbi tójú ẹnikẹ́ni ò dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún. Ti bàbá wa mà ni."

"Ẹ̀yìn ibo?"

Wáyà tó ń dá iná padà láti ẹ̀yìn géèjì gbọ́dọ̀ kan irin ní ìhòòhò, ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ìfẹ́ àbúrò rẹ̀ ló dí i lọ́nà. Kò tiẹ̀ ráyè bú u. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi hàn, ó sì de wáyà náà padà. Abẹ́rẹ́ náà gbọ̀n, ó rọra gòkè, ó dúró síbi tó kún.

Bàbá gun ọkọ̀. Wọ́n fi ìka ta gíláàsì géèjì náà lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ ò yẹ̀.

"Ó yó," ni wọ́n wí.

Lọ́rì náà yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, onírin àlòkù tí kò gbọ́ ìró kankan sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ dúró dè wá o!" ni àbúrò ń pariwo.

Bàbá ò wẹ̀yìn. Rewáyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ti pé ọdún kan tí bàbá ti dá jáde nílé kẹ́yìn.