Eyín Inú Àlọ́

Rahinat fúnra rẹ̀ ló yọ eyín inú àlọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bá a dá sí i.

Àlọ́ ìyá tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú ilé lákòókò ìyàn ni. Bí ìyá bá dé, á kọrin, àwọn ọmọ á ṣílẹ̀kùn. Bí ìyá ọkọ Rahinat ṣe máa ń pa á, ìkookò kọ́ orin náà, ó sọ ohùn rẹ̀ di tínrín, ó wọlé, ó jẹ wọ́n tán pátá. Rahinat ní ìyẹn ti burú jù fún Fàtíyà, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà. Nínú tirẹ̀, orin há ìkookò lọ́fun, ó kú sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni burúkú kì í lè kọ orin ìyá parí.

“Ìyàwó, o ti yọ eyín àlọ́ yẹn o,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí, kó tó padà sí Ìwó. “Ọmọ tí kò bá bẹ̀rù ìkookò, á bá a ṣeré.”

Rahinat rẹ́rìn-ín. Ó tún wá sọ orin náà di kọ́kọ́rọ́. Òun ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road. Fàtíyà á ti iléèwé dé, á tilẹ̀kùn mọ́ra nínú yàrá wọn ní Niger Street, kò sì gbọdọ̀ ṣí i àfi fún ẹni tó bá kọ orin náà. Ta ló gbọ́ Yorùbá ní Kano tó máa jí ọmọ gbé? Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀! Bí ẹni pé àwa Yorùbá kì í bí olè.

Ní Àsàlátù ọjọ́ Sunday kan, wọ́n pe àwọn ọmọ síwájú. Fàtíyà, tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń bú ológbò, fi Yorùbá pa àlọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀:

“Mo ti dé, ọmọ mi, ṣílẹ̀kùn.
Iyọ̀ ń bẹ nínú igbá, ẹyẹ ò jẹ ẹ́.”

Àwọn obìnrin gbè é. Ọmọ tún fi kún un pé orin yìí lòun fi ń ṣílẹ̀kùn fún mọ́mì òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú Rahinat dùn débi pé kò wo ojú àwọn tó ń gbè é.

Lọ́jọ́rú, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀. Wọn ò já a. Charity, ọmọ ìyá Richard tí wọ́n jọ ń gbélé, ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ látojú fèrèsé.

“Mama Fàtíyà, one woman with hijab come. She sing am, but she forget part. Fàtíyà dey laugh. She say, ‘No, e remain iyọ̀.’ Then she teach am.”

Ó kọ́ ọ! Tẹ̀rín-tẹ̀rín, látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ló gbé wọn lọ. Ọlọ́pàá, rédíò, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, kò síbi tí wọn ò kéde dé.

Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, wọn ò tíì rí Fàtíyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò há gbogbo wọn mọ́lé, Rahinat gbọ́ ìyá Richard lódìkejì ògiri, ó ń pàlọ́ fáwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé. Obìnrin kan wá kọrin lẹ́nu ọ̀nà.

“She open am?” ni Richard kékeré bèèrè.

Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ògiri ilé wọn kò nípọn. “Rárá,” ló wí. “Orin há obìnrin yẹn lọ́fun.”

Rahinat fi ìkúùkù lu ògiri.

“Ìyá Richard! Ẹ má parọ́ fún wọn! Ó ṣílẹ̀kùn! Ẹ sọ fún wọn pé ó ṣílẹ̀kùn!”