Ọ̀pá Ìpè Dé Etí Odò

Aládùúgbò Gyrid ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀pá kan lé e lọ́wọ́ ni. Ọ̀pá ìpè ni, wọ́n sì ti fi iná sun orí rẹ̀. Ọmọdé pàápàá mọ ohun tí ìyẹn ń wí: àwọn ará Swídìn ń gbógun bọ̀, kí gbogbo ọkùnrin dìde. Ilé dé ilé ni ọ̀pá yìí ń rìn, kò gbọdọ̀ sùn sí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dúró sí lọ́wọ́ ti di ọ̀tá ọba nìyẹn, wọ́n á gba ilé gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Opó sì ni Gyrid. Oko yẹn nìkan ni Sjur ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Ó so pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, ó yọ̀ lórí yìnyín kọjá odò tó ti dì, títí dé ilé Tarald, ilé tó kàn. Tarald dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹja gbígbẹ.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Bàbá Tarald. Ọ̀pá dé o."

Tarald fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. "Má gbé e wá síbí, ìyàwó Sjur! Ṣé o ò gbọ́ ni? Ọba ti tún ilẹ̀ Nọ́wè pín. Wọn ò pe ìpínlẹ̀ ní len mọ́, amt ló ń jẹ́ báyìí. Odò yìí sì ni ààlà. Ẹ̀yin ní ọ̀gá tiyín, àwa náà ní tiwa."

"Ṣé àwọn ará Swídìn ti gbọ́ pé odò ni ààlà?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Bí mo bá gba ọ̀pá amt ẹlòmíì, tí wọ́n bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n á bẹ́ orí mi! Dá a padà."

Padà síbo? Ọ̀pá ìpè kì í padà sẹ́yìn. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, ẹ̀rù sì ń ba Gyrid. Inú tún ń bí i. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹran níbi ìsìnkú Sjur, Tarald ò rí ààlà kankan lójú odò.

Ìgbà náà ló rántí òfin àwọn baba wọn. Bí o bá bá ilẹ̀kùn ní títì, fi ọ̀bẹ gé àmì mẹ́ta sára òpó rẹ̀, fi ọ̀pá há òkè ilẹ̀kùn náà, kí o máa lọ. Ẹrù ti di ti onílé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn Tarald ṣí sílẹ̀ gbagada.

Gyrid bá la ẹnu. "Àgbàyà! Ojo! Ọjọ́ tí béárì wọ oko yín, ta ló sá gun àjà? Ọkọ mi ló bá yín lé e, ẹ̀yin wà lókè, ẹ ń ké bí ọmọ ọwọ́!"

"Èmi? Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, obìnrin burúkú!" Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàà, ó sì fi igi dábùú rẹ̀ nínú.

Gyrid fa ọ̀bẹ yọ. Ó kánjú tó bẹ́ẹ̀ tó fi gé ara rẹ̀ níka, ṣùgbọ́n ó gé òpó náà lẹ́ẹ̀kan, ó gé e lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí lò ń gé níbẹ̀ yẹn?" Ohùn Tarald ti yí padà.

Ó gé ẹ̀kẹta, ó sì fi ọ̀pá há àárín ilẹ̀kùn àti àtẹ́rígbà.

"Gyrid! Gyrid ọmọ mi, jọ̀ọ́!" Tarald já ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀pá sì bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Tarald bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un. Ó wo èéfín ilé tó kàn lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bí àwọn náà bá ní àwọn ò gbà á ńkọ́?"

Gyrid nu ẹ̀jẹ̀ ara ọ̀bẹ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì nà án sí i.

"Ẹ mú èyí dání. Ẹ kọ́kọ́ bú wọn ná."