Ohun Tó Pa Àyúbà ní Valcombe

“Kí ló pa bàbá rẹ̀, mà?”

Jẹ́jẹ́ ni Dókítà Doyinsọ́lá béèrè, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára Fúnlọ́lá. Dublin ni dókítà yìí ti kàwé gboyè, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí orúkọ Ikram, ọmọ Fúnlọ́lá, lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, Yorùbá ló fi kí ìyá rẹ̀, ara Fúnlọ́lá sì balẹ̀ díẹ̀. Ìbéèrè yìí ló tún wá dá a rú.

“Ó yọ̀ ṣubú ni,” ni Fúnlọ́lá dáhùn. “Bọ́ọ̀lù ló ń gbá jẹun nílẹ̀ Faransé. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, irú èyí tí Ikram ń gbá yìí náà. Wọ́n ní omi wà nílẹ̀, ó yọ̀, ó sì forí gbálẹ̀. Kò jí mọ́.”

“Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

“Rárá o. Ìbàdàn ni mo wà, oyún Ikram sì wà nínú mi. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ló wá túfọ̀ rẹ̀ fún mi nílé.”

Dókítà fa àga, ó jókòó. Ó ní àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé ẹran ọkàn Ikram nípọn díẹ̀. Ó lè jẹ́ eré ìdárayá ló mú un nípọn, ìyẹn kì í ṣeni ní nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ àrùn abínibí, èyí tó lè gbé ọmọ ṣubú lójijì kó má sì jẹ́ kó dìde mọ́.

“Àwòrán nìkan kò lè sọ èwo ni fún wa, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti ń dákú, tàbí tó kàn ṣubú kú, ọ̀rọ̀ di nǹkan mìíràn nìyẹn. Ẹ bá mi béèrè dáadáa.”

Ikram yí ojú sí wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. “I'm grand, Mam,” ó ní, pé ara òun ti le. Àárín ìdíje ilé ìwé wọn ló ti ṣubú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọgbà ọsibítù ni Fúnlọ́lá ti pe Mùnírù lórí fóònù. Mùnírù ni ẹni tó túfọ̀ Àyúbà fún un. Òun kan náà ló ṣe ọ̀nà bí ìyá àtọmọ ṣe dé Ireland, nígbà tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, tó pa bọ́ọ̀lù tì, tó sì wá ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù nílé ìkẹ́rùsí kan ní Mulhuddart, létí Dublin. Àkókò yẹn, iṣẹ́ ń wá ènìyàn ni ní Dublin. Ibi tí màlúù ti ń jẹko lánàá, ilé tuntun ti hù síbẹ̀ lónìí. Mùnírù ló bá a rí iṣẹ́ ìdìpọ̀ ẹrù, òun ló bá a wá ilé. Bí Fúnlọ́lá bá ń ka àwọn ẹni tí Ọlọ́run fi ràn án lọ́wọ́, orúkọ Mùnírù ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

“Bọ̀dá, Ikram dákú lórí pápá. Ọsibítù la wà. Ṣé Àyúbà máa ń dákú kó tó kú?”

“Ọlọ́run á ṣàánú wa. Báwo ni ara ọmọ báyìí?”

“Ó ti jí. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó yọ̀ ṣubú ni, Fúnlọ́lá. Ṣé mi ò ti sọ fún ẹ tipẹ́ ni? Má jẹ́ kí dókítà kó ọkàn rẹ sókè. Ṣó o rántí pé bàbá Faransé yẹn ń bọ̀ ní Sátidé?”

Nígbà tí Sátidé fi máa dé, wọ́n ti dá Ikram sílẹ̀ kó wá máa sinmi nílé. Ọ̀sán ni Mùnírù mú àlejò náà wọlé. Garrel ni orúkọ bàbá náà, arúgbó tín-ín-rín tó ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ Valcombe, ẹgbẹ́ tí Àyúbà gbá bọ́ọ̀lù fún, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà sínú ìwé, ó sì ti ń káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Fúnlọ́lá kò sì gbọ́ Faransé, nítorí náà Mùnírù ló jókòó sáàárín, tó ń ṣe ògbufọ̀.

Garrel sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka oríkì ìlú rẹ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ awọ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ara ògiri ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n kan àwọ̀n àkọ́kọ́ mọ́. Òórùn awọ kì í kúrò lára wọn, àwọn ìlú ńlá a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òórùn wọn ló ń bá wọn borí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gòkè títí wọ́n fi dé ìpele àwọn ọ̀gá. Ọdún tí wọ́n débẹ̀ ni Àyúbà àti Mùnírù dé, àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Valcombe rí tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e, díẹ̀ ló kù kí wọ́n já wálẹ̀. Ọdún yẹn ni Àyúbà kú. Wọn kò já. Nígbà tó yá, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ awọ kógbá sílé, ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láti ìpele dé ìpele, títí ó fi ku àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó tó ń wo bọ́ọ̀lù wọn.

“Ní báyìí, wọ́n tún ti ń dìde,” Mùnírù túmọ̀ rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. “Wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Fúnlọ́lá, orúkọ Àyúbà ni wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́! Fọ́tò rẹ̀ àti àṣẹ rẹ ni wọ́n ń fẹ́.”

Nígbà mìíràn, Fúnlọ́lá ì bá ti sunkún ayọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ bá mi bi í bí ọkọ mi ṣe kú gan-an. Ẹ sọ fún un pé ọmọ Àyúbà dákú lórí pápá, pé dókítà ló fẹ́ mọ̀.”

Mùnírù fọwọ́ pa ojú. Ohun tó sọ fún Garrel kò pọ̀. Garrel tẹ orí ba. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó sì sọ̀rọ̀ títí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

“Ó ní ó dun gbogbo àwọn,” ni Mùnírù wí. “Ó ní ilẹ̀ tutù lọ́jọ́ náà.”

“Gbogbo ohun tó ń sọ látẹ̀ẹ̀kan nìyẹn?”

“Òun náà ni. Àwọn Faransé, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn.”

“That's not what he said, Mam.”

Ikram ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Látìgbà tó ti wọ ilé ìwé girama ló ti ń kọ́ Faransé, Mùnírù fúnra rẹ̀ ló sì máa ń bá a ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

“Ikram, àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀,” ni Mùnírù sọ.

“Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́,” ni Fúnlọ́lá wí.

Ọmọ náà kojú sí Garrel. Ó ń ṣa Faransé jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró, ó ń tún un sọ. Garrel ń dá a lóhùn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan tán, Ikram á yíjú sí ìyá rẹ̀, á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ti dákú rí níbi ìdánrawò. Ó tún dákú lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà ẹgbẹ́ ní ọkàn rẹ̀ kò dára, kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ìlú ńlá. Ààrẹ ẹgbẹ́ ní ó di ìgbà tí ìdíje bá parí, nítorí pé bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n já nìyẹn. Nígbà tó ṣubú, kò sẹ́ni tó wà nítòsí rẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ.

Ikram fi ọwọ́ lé àyà tirẹ̀. “Moi aussi,” ó sọ fún Garrel. Èmi náà.

Bàbá náà yíjú sí Mùnírù, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tó mú bí abẹ. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀: Mùnírù kò tíì sọ fún un pé ọmọ náà dákú.

“Ààrẹ ẹgbẹ́ ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀,” Mùnírù ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀. “Ó ní bọ́rọ̀ bá jáde, wọ́n á ti ẹgbẹ́ pa, gbogbo wa á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀dọ́ ni mo jẹ́ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹnu mi kò gbà á mọ́. Àyúbà ti lọ, Fúnlọ́lá. Òtítọ́ wo ló máa jí i?”

“Ikram ńkọ́?”

Mùnírù wo ọmọ náà, ó tún wolẹ̀.

“Láti ọsibítù ni mo ti pè yín. Mo sọ fún yín pé ọmọ dákú. Ẹ tún ní ó yọ̀ ṣubú ni.”

“Mo rò pé ó lè má jẹ́ ohun kan náà.”

Fúnlọ́lá kò pariwo. Ó gbé fóònù, ó pe Dókítà Doyinsọ́lá. Mùnírù nawọ́ láti gba fóònù kó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ Garrel. “Kì í ṣe ẹ̀yin,” ni Fúnlọ́lá sọ. Bó ṣe di pé Ikram fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ àrùn bàbá rẹ̀ fún dókítà nìyẹn, pẹ̀lú ohùn ọmọ Dublin rẹ̀ tí kò gbọ̀n. Nígbà tó parí, dókítà ní kí ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

“Ẹ mú un wá ní Mọ́ńdè, mà. A lè ní láti fi ẹ̀rọ kékeré sí i láyà, tí á máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Kó má sáré. Kó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá.”

Garrel ti dìde, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ó béèrè lọ́wọ́ Ikram bóyá wọ́n ṣì lè lo orúkọ náà.

“Sọ fún un pé kó kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe ṣẹlẹ̀,” ni Fúnlọ́lá wí. “Bí Àyúbà ṣe dákú, ohun tí dókítà wọn sọ, ohun tí ààrẹ wọn sọ. Bó bá kọ ọ́, kí wọ́n lo orúkọ ọkọ mi. Bí kò bá kọ ọ́, kí wọ́n wá orúkọ ẹlòmíràn.”

Garrel ní òun á kọ ọ́. Ó ní òun kò lè ṣèlérí pé ẹgbẹ́ á gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Mùnírù ṣíwájú rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. “Màá wá gbé yín lọ sí ọsibítù ní Mọ́ńdè.”

“Ẹ ṣé. Bọ́ọ̀sì la máa wọ̀.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ikram jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ jọ. “I'm off the team, so,” ó ní.

Ọ̀rọ̀ rírọ̀ ti wà lẹ́nu Fúnlọ́lá: pé kò tíì dájú, pé oyìnbó mọ oògùn, pé bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó gbé e mì. Ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “O ò ní gbá a mọ́.”

Ikram gbé orí lé e léjìká. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.