Iná Tó Ń Se Ẹ̀wà Ruqoyah

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni mo ṣe o. Mo kọ́kọ́ ń sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan.

Èmi Mutolib, iṣẹ́ mi ní Mile 12 ni kí n máa kó tòmátì tó ti rà kúrò nídìí ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́lẹ̀, gọ́tà la máa ń dà á sí. Tójò bá ti rọ̀, gọ́tà á dí, omi á wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaja Ajarat, olórí àwọn onítòmátì. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni Ẹ́ńjìníà Dayọ̀, ọmọ Ìkòsì, wá ri táǹkì ńlá kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ ọjà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé báyìí nìyẹn, pé ìlú tó bá gbọ́n kì í da nǹkan nù. Tòmátì rírà la ó máa dà sínú ẹ̀, gáàsì lá máa bá jáde. Irọ́ ló jọ létí mi. Àfi bí iná ṣe jáde lóòótọ́, búlúù báyìí, tí Ruqoyah ọmọ Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í fi se ẹ̀wà tà fún àwa aláàárù. Abọ́ méjì ni mò ń jẹ lójúmọ́.

Ruqoyah wá bímọ ọkùnrin. Ìkómọ di Fúráìdeè. Alhaja ní lórí iná yẹn ni wọ́n máa ti se gbogbo oúnjẹ, káwọn àna tó ń bọ̀ láti Àgbóyì lè rí i pé ọjà wa ti lajú.

Ní Mọ́ńdè, mo bá Kabir, aláàárù alùbọ́sà, lórí ìlà ilé ìgbẹ́, ó di ikùn mú. Mo ní, "Kabir, ṣó o mọ̀ pé ẹrù tó o fẹ́ lọ sọ̀ yẹn, ìdí ìkòkò Ruqoyah ló ń lọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá wo ọ̀nà ìdí ìkòkò. Ó kúrò lórí ìlà.

Kó tó di Wẹ́sìdeè, ẹnì kan ò wọ ilé ìgbẹ́ ọjà mọ́. Ketu làwọn kan ń sáré lọ. Kabir wọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Anthony, torí ìgbẹ́ lásán. Mo rín ẹ̀rín títí ìhà fi ń dùn mí.

Tọ́sìdeè ni Dayọ̀ dé, ó bá iná tó ti kéré bí iná àbẹ́là. Mo ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀ mi fún un, mo ń retí kó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ló wí. "Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n."

Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́, ó gbé pákó kan kúrò. Páìpù wà lábẹ́ ẹ̀, ó tó itan mi, ó ti inú ilé ìgbẹ́ wọnú táǹkì tààrà. Ó ní tòmátì nìkan ò lè dá iná yẹn gbé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́fà. Abọ́ méjì lójúmọ́.

Fúráìdeè, ìkòkò ìrẹsì wà lórí iná, omi ò tíì hó, iná kú. Àwọn àna ti jókòó. Ìyá ọkọ Ruqoyah ń wo ìkòkò bí ẹni tí wọ́n tàn wá. Ruqoyah gbọ́mọ dání, omi ti lé sójú ẹ̀. Alhaja ní kí wọ́n pè mí wá. Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbátí.

Alhaja ò gbá mi. Èrò ni wọ́n kọjú sí.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kòtò yẹn ni mo ti mọ̀. Mo bi Àáfà, wọ́n ní iná kì í wọnú oúnjẹ. Látìgbà yẹn, omi ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń gbé tiyín lọ sí Ketu, kí ni Ketu fún yín rí?"

Alhaja ká léèsì wọn sókè, wọ́n wọ ilé ìgbẹ́, wọ́n tilẹ̀kùn. Gbogbo ọjà ń wo ilẹ̀kùn. Wọ́n jáde, wọ́n fọṣẹ fọwọ́, wọ́n ní, "Ó ku ẹ̀yin."

Kabir ló kọ́kọ́ dìde, ó wọ ilé ìgbẹ́. Bó ṣe ń jáde báyìí, iná sọ gbàà lábẹ́ ìkòkò. Ariwo ta. Ìyá ọkọ Ruqoyah gbá Kabir mọ́ra, wọ́n ní orúkọ táwọn máa fún ọmọ náà nìyẹn: Kabir.

Èmi nìkan ló rí Dayọ̀ lẹ́yìn ògiri, tó ń tú ẹnu báàgì rọ́bà ńlá kan tó ti fi gáàsì pamọ́ sí. Ó ní ohun tó bá wọlé lónìí, á tó ọjọ́ méjì kó tó diná. Mo ní kí ló dé tí kò ti tètè tú u.

"Alhaja ló ní kí n dúró di ìgbà tí Kabir bá jáde."

Mo wo Alhaja. Wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi. Ìlà ilé ìgbẹ́ ti gùn dé gọ́tà. Mo ṣì lanu síbẹ̀ nígbà tí Ruqoyah gbé ìrẹsì lé mi lọ́wọ́.

Mo jẹ abọ́ méjì.