Ìṣáwùrú Odò Kan, Èsì Méjì

Linnea Haldorsen ti rò pé iṣẹ́ olóòtú kò ju kéèyàn máa tún gbólóhùn tò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Minnesota. Òun làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe olórí ìwé ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń kọ, tí wọ́n ń yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ìgbà òtútù ti fẹ́ẹ̀ parí nígbà tí iṣẹ́ méjì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tí orí rẹ̀ sì dàrú.

Èkínní ní iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ń pa àwọn ìṣáwùrú inú odò ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èkejì ní iyọ̀ ọ̀hún ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Odò kan náà ni wọ́n ti kó ìṣáwùrú, ìwọ̀n iyọ̀ kan náà ni wọ́n sì dà sínú omi tí wọ́n fi wọ́n sí. Linnea ka èkínní, ó gbà á gbọ́. Ó ka èkejì, ó tún gbà á gbọ́.

"Ẹnì kan ń purọ́," ni Tobias, igbákejì rẹ̀, wí. "Ká da méjèèjì nù, ká lọ jẹun."

"Ẹni tó ń sọ òótọ́ ńkọ́?"

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síwájú orí ẹ̀ ni?"

Linnea gba ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Brandvold lọ, ẹni tó ń gba ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n, èwo ni ká tẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ni olóòtú, èmi ni àbí ìwọ? Bí mo bá fi lè bá yín yàn án, ìwé yín ti di tèmi nìyẹn."

Ohun tó gbé lọ ló gbé bọ̀. Nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn, ó pe àwọn méjèèjì tó kọ iṣẹ́ náà, Emmett Quist àti Ruthanne Beske. Kò sí èyí tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ nínú wọn, àfìgbà tí Linnea sọ ọ́ fún wọn.

"Ìwọ lo ní ìṣáwùrú ò kú?" Emmett fò dìde. "Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kó òkú wọn dànù!"

"Bóyá ebi lo fi pa wọ́n," ni Ruthanne dáhùn.

"Ó tó!" Linnea pariwo. "Ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ ti kó wọn."

Wọ́n wọ bàtà yìnyín, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sódò. Emmett dúró lókè odò, kí wọ́n tó dé afárá. Ruthanne kò dúró ní tiẹ̀; ó gba abẹ́ afárá kọjá, ó ń lọ sísàlẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni Emmett bi í, òun àti Linnea sì tẹ̀ lé e.

"Ibí ni mo ti kó tèmi."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lókè. Omi ìdọ̀tí oníyọ̀ ń kán tó-tó láti ara afárá sínú odò. Emmett wo omi náà, ó wo Ruthanne.

"Àbí iyọ̀ ti mọ́ àwọn tìrẹ lára?" ni Emmett bi í jẹ́jẹ́.

"Bóyá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yà tìrẹ àti tèmi yàtọ̀ síra."

Wọ́n kọjú sí Linnea bí ẹni pé ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òpùrọ́ ló wá wá, kò rí òpùrọ́. Ohun tó sì rí yìí, kò mọ ohun tí ì bá pè é.

Ó tẹ iṣẹ́ méjèèjì jáde, ó fi wọ́n sójú ewé méjì tó kọjú síra, ó sì kọ ọ́ sókè wọn pé: "A ò tíì mọ ìdí rẹ̀."

Tobias mi orí. "Olóòtú wo ló ń kọ irú èyí?"

"Èmi ni."

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àní lẹ́yìn tí ìwé jáde. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ó rí Emmett àti Ruthanne láti ojú fèrèsé rẹ̀, tí wọ́n jọ gbé báákẹ́ẹ̀tì lọ sódò, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn kíkankíkan.