Ilẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ti Josiah

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Josiah, ẹ̀gbọ́n mi, dé, èmi àti ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Lálúpọn. Ṣítù, ìránṣẹ́ ọ̀gágun tí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ sógun, ni ó mú un wá. Ó ṣí fìlà kí ó tó lanu. Ìyá mi wo fìlà náà, wọ́n sì ti mọ̀.

“Ìbọn ni, ní ìhà Rẹ́mọ,” ni Ṣítù wí. “Kò jẹ̀rora pẹ́.”

Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Ṣítù kò tíì lọ. “Ẹ má bínú, ìyá. Ọ̀gágun ní kí n béèrè ilẹ̀ àti ilé tí Josiah fi sílẹ̀ ní etí oko. Ohun tí ọmọ ogun wọn bá fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà.”

Nígbà tí Ìjàyè fọ́, àwọn tí wọ́n sá àsálà dé ọ̀dọ̀ wa. Josiah kọ́ ilé fún wọn ní etí oko, ó sì gé ilẹ̀ fún wọn láti dáko. Iṣu àti epo tí wọ́n ń san ní ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún ni ìyá wa ń jẹ.

Kí ó tó lọ sógun, ó ń rò ó, ọwọ́ ta ni òun yóò fi ilẹ̀ náà sí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé òun ló ni ín, bí wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé míṣọ́nnárì. Ìyá wa ní kí ó fi í sábẹ́ ọ̀gágun.

“Ẹni tó bá dúró sábẹ́ igi ńlá, òjò kì í pa á,” ni wọ́n wí.

“Ìyá, ẹ̀ka igi náà a máa wó lu ènìyàn.” Ó yíjú sí mi. “Títíladé, bí ó bá jẹ́ tèmi nìkan, ọjọ́ tí mo bá kú ló bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹbí kì í kú.”

Ó kó àwọn ayálégbé lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ìyàndá, àgbà agbo ilé wa. Ó ní gbogbo ẹbí ló ni ín láti ọjọ́ náà, pé baba ni kí wọ́n máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún ni onílẹ̀.

“Gbogbo ẹbí ló ni ín, èmi nìkan ni ẹ fẹ́ kó iṣu bá,” ni Bàbá Ìyàndá wí. “Ẹ̀yìn mi ò gbé e, àfi ikùn.” A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ ọjà, Ṣítù dé etí oko. Gbogbo wa pé síbẹ̀.

“Bàbá Ìyàndá là ń gbé iṣu fún,” ni Mùjíbátù wí, obìnrin Ìjàyè tí ó kọ́kọ́ sá dé ọ̀dọ̀ wa.

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo Lálúpọn mọ ẹni tó kọ́ ilé yìí.” Ṣítù wò mí. “Ìwọ ọmọ oníwèé, wọ́n ní ẹ̀yin kì í purọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ilẹ̀ níhìn-ín, àbí kò ní?”

Mo wo ògiri. Àmì àtẹ́lẹwọ́ Josiah ṣì wà lára amọ̀, níbi tí ó ti fi ọwọ́ rẹ́ ẹ.

“Kò ní,” ni mo wí. “Kò ní nǹkan kan.”

Òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fún wa. Síbẹ̀ ìyá mi tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìròyìn ikú náà fún, n kò sì lè gbójú sókè wò wọ́n.

Ṣítù dé fìlà rẹ̀. “Kí Ọlọ́run forí jì í. Ohun tí o wí ni n óò jẹ́ fún wọn.”

Ọ̀gágun kò ránṣẹ́ mọ́. Nígbà tí iṣu dé, àwọn ayálégbé gbé e wá fún Bàbá Ìyàndá bí ìṣe wọn, baba sì pín in kárí ilé. Baba tún gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ti Josiah ni, lẹ́yìn tí ìpín tèmi ti wà níwájú mi.

Mo gé orí iṣu náà, mo sì gbé e lọ sí etí oko. Mo kọ ebè kan sí ìdí ògiri náà, mo gbin orí iṣu náà sí i, mo sì ri igi kan mọ́lẹ̀ fún un láti gùn.